Dáwódù fẹ́ ta ilé bàbá wọn fún wa n'Ìkòròdú: ta ló yẹ kí n rí kí n tó sanwó?

Adùnbí Ẹ̀gbá

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ ilé ni mo gbé wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Èmi àti ọkọ mi rí ilé kan ní Ìkòròdú, ilé ilẹ̀ oníyàrá mẹ́rin, ó ní bọ́ìsì kọ́tà lẹ́yìn. Àkọ́bí ọkùnrin bàbá tó kọ́ ọ ló ń tà á. Bàbá náà ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ìdílé kan ní 1974, ó kọ́lé sí i, ó sì kú láì kọ ìwé ìhágún. Ìyàwó méjì ni wọ́n fẹ́. Ìyáálé ti kú, ìyàwó kejì ṣì wà láyé ṣùgbọ́n kò gbé inú ilé náà mọ́. Ọmọ mẹ́fà ni gbogbo wọn, ọ̀kan wà ní Kánádà. Ìwé tí wọ́n fi hàn wá ni rìsíìtì ìdílé, àgírímẹ́ǹtì 1974 àti sọ́fè (àwòrán tó fi ìwọ̀n àti ààlà ilẹ̀ hàn). Kò sí C of O, ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ tí Gómìnà ń fọwọ́ sí.

Dáwódù ní òun ni olórí ẹbí báyìí, pé ìfọwọ́sí òun nìkan ti tó. Ajẹ́ńtì náà ní ká tètè san ìdajì owó kí ẹlòmíì má bàa gbà á mọ́ wa lọ́wọ́. Ayálégbé méjì ṣì wà nínú ilé.

Ṣé Dáwódù lè dá a tà? Ṣé àìsí C of O yẹn léwu? Kí la máa ṣe sí àwọn ayálégbé?

Bàbá Ṣadé

Adùnbí, ẹ kú iṣẹ́. Nílẹ̀ Yorùbá, tí bàbá bá kú, Dáwódù ló bọ́ sípò bàbá. Wọ́n ta ilé kan bẹ́ẹ̀ ládùúgbò wa ní Mushin, Dáwódù nìkan ló fọwọ́ sí i, ẹni tó rà á ṣì wà níbẹ̀ títí dòní, kò sẹ́ni tó yọ ọ́ lẹ́nu. Tí ẹ bá ní ẹ ó wá ọmọ mẹ́fà kiri, ilé á ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì.

Lọ́yà Òkè-Àdó

Bàbá Ṣadé, ẹ má bínú sí mi sà. Òótọ́ ni pé Dáwódù ni olórí ẹbí, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló ni ilé. Ìgbà tí bàbá kú láìsí ìwé ìhágún, ilé tó fi òógùn rẹ̀ kọ́ ti di ti gbogbo ọmọ rẹ̀ pátá. Alábòójútó ni Dáwódù. Òun ló ń gba owó ilé, òun ló ń tún òrùlé ṣe, òun ló ń dúró fún ẹbí níwájú ìjọba. Tó bá kan títà, ó ní láti ké sí àwọn yòókù.

Adùnbí, ibi tí ọ̀rọ̀ yín wà nìyí, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́. Ọ̀nà mẹ́ta ni ilé ẹjọ́ gbà ń wo títà ilé ẹbí. Tí ọmọ ẹbí tí kì í ṣe olórí bá lọ tà á, òfo ni, ẹni tó rà á kò ra nǹkan kan. Tí olórí ẹbí bá tà á lórúkọ ẹbí ṣùgbọ́n tí kò gba ìyọ̀ǹda àwọn àgbà ẹbí, títà náà dúró fúngbà díẹ̀, àmọ́ àwọn tí wọn ò fi lọ̀ lè lọ sílé ẹjọ́ kí wọ́n fagi lé e. Láti ẹjọ́ Ekpendu àti Erika ní 1959 ni èyí ti fìdí múlẹ̀. Ẹ̀kẹta ló máa ń gbé àwọn èèyàn jù: tí olórí ẹbí bá ta ilé ẹbí bíi pé òun nìkan ló ni ín, tí ìwé sì kà bẹ́ẹ̀, òfo ni òun náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ olórí. Nítorí náà, bí lọ́yà bá kọ ọ́ pé "èmi lágbájá, tí mo ni ilé yìí", tí kò kọ ọ́ pé "èmi lágbájá, olórí ẹbí olóògbé, pẹ̀lú àwọn wọ̀nyí", ẹ ti wọ wàhálà látorí ìlà àkọ́kọ́.

Ti Mushin yẹn, kò yà mí lẹ́nu. Ilé ẹjọ́ kì í ran ẹni tó sùn lórí ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Tí àwọn yòókù bá mọ̀ pé wọ́n ti tà á, tí wọ́n ń wo ẹni tó rà á bó ṣe ń kọ́lé, ń náwó, tí wọn ò sì sọ nǹkan kan fún ọ̀pọ̀ ọdún, adájọ́ lè má dá wọn lóhùn mọ́. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ fi owó ilé rẹ̀ dúró de bóyá àwọn ọmọ olóògbé á dákẹ́?

Àwọn wo ni àgbà ẹbí tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i? Ìdí-igi la fi ń pín ogún nílẹ̀ wa, ojúlé ìyàwó kọ̀ọ̀kan ni ìdí kan. Ẹjọ́ kan wà tó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó tó dé Privy Council ní London, ilé ẹjọ́ tí ẹjọ́ wa máa ń parí sí nígbà náà, ní 1962, ẹjọ́ Dáwódù àti Danmole (orúkọ èèyàn ni Dáwódù níbí). Bàbá tí wọ́n ń du ogún rẹ̀ nínú ẹjọ́ yẹn kú ní 1940, ó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Adájọ́ àkọ́kọ́ ní kí wọ́n pín in lórí-ò-jorí, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba tirẹ̀ dọ́gba. Ilé ẹjọ́ tó ga jù ú lọ yí i padà, Privy Council sì fọwọ́ sí i pé ìdí-igi ni àṣà, orí-ò-jorí kan wà fún ìgbà tí ìjà bá ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn ojúlé tí olórí ẹbí bá rí i pé bẹ́ẹ̀ ló dáa. Ohun tó kàn yín níbẹ̀ ni pé ojúlé méjì ló wà. Ẹni tó ṣáájú nínú ọmọ ìyàwó kejì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé yín, yálà ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Tí ẹ bá bi mí, gbogbo ọmọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni màá ní kó fọwọ́ sí i. Mẹ́fà kò pọ̀.

Ẹ tún bèèrè bóyá wọ́n ti gba letters of administration ní ẹ̀ka Probate ilé ẹjọ́ gíga Èkó. Ìwé yẹn ni ilé ẹjọ́ fi ń yan àwọn tó lágbára lórí ohun tí òkú fi sílẹ̀. Tó bá wà, àwọn tí orúkọ wọn wà nínú rẹ̀ ló máa fọwọ́ sí ìwé títà. Tí kò bá sí, ẹ ní kí wọ́n lọ gbà á kí ẹ tó sọ̀rọ̀ owó.

Ìbéèrè kan kù: ṣé bàbá yẹn fẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó náà ní kóòtù? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, òfin ogún ìpínlẹ̀ Èkó ló máa wọlé, kì í ṣe àṣà nìkan, opó lè ní ìpín tirẹ̀ nínú ilé yẹn gan-an.

Ìyá Ìbejì

Mo ka gbogbo èyí, ọkàn mi gbọgbẹ́. Ọmọ ìyàwó kejì ni mí. Bí ẹ̀gbọ́n wa ṣe ta ilé bàbá wa nìyẹn, ẹnu èèyàn ìta la ti gbọ́. Ẹni tó rà á kì í ṣe èèyàn burúkú, ó sanwó rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tún ilé ṣe. Àwa lọ sí kóòtù nítorí pé kò sí ọ̀nà mìíràn tá a fi lè gba ohun tó jẹ́ tiwa. Ẹjọ́ ń lọ, ọkùnrin yẹn kò lè parí ilé, àwa náà kò rí owó gbà, ẹ̀gbọ́n wa ti ná èyí tó gbà tán.

Adùnbí, àbúrò mi, mo bẹ̀ ọ́, lọ kí ìyàwó kejì yẹn. Má rán ajẹ́ńtì. Ìwọ fúnra rẹ ni kí o lọ, jókòó tì wọ́n, bi wọ́n bóyá wọ́n gbọ́ pé wọ́n fẹ́ ta ilé. Kí ẹnì kankan má sì sọ fún ọ pé ọmọbìnrin kò ní ìpín. Nílẹ̀ Yorùbá, ọmọ ni ọmọ. Wọ́n fi kọ́ wa nígbà ẹjọ́ wa pé láti 1908, nínú ẹjọ́ Lewis àti Bánkọ́lé ní Èkó, ni adájọ́ ti sọ pé lẹ́yìn tí Dáwódù bá kú, ọmọ tó dàgbà jù ló ń di olórí ẹbí, ìbáà ṣe obìnrin.

Sọ́féyọ̀ Ìkòròdú

Ẹ jẹ́ kí n fi ti ilẹ̀ kún un, nítorí wọ́n lè fọwọ́ sí ìwé tán kí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ wá níṣòro.

Ẹ gba ẹ̀dà sọ́fè yẹn, kí ẹ mú sọ́féyọ̀ tí ìjọba mọ̀ lọ sí ojú ilẹ̀. Ẹ má lo ẹni tí ajẹ́ńtì bá mú wá. Yóò wá àwọn pílà, òpó kéékèèké tí wọ́n rì mọ́ ààlà ilẹ̀, yóò wò ó bóyá nọ́ńbà tó wà lára wọn bá ti inú ìwé mu. Sọ́fè 1974, ó lè jẹ́ pé ẹsẹ̀ bàtà ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n, kí pílà kan sì ti wà lábẹ́ ògiri aládùúgbò báyìí. Lẹ́yìn náà ni yóò gbé e lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General ní Alausa, wọ́n á gbé e lé àwòrán ilẹ̀ gbogbo ìpínlẹ̀. Ibẹ̀ lẹ ti máa mọ̀ bóyá ìjọba ti gba ilẹ̀ yẹn.

Tí wọ́n bá ní ó wà nínú ilẹ̀ tí ìjọba gbà, ẹ bèèrè irú èyí tó jẹ́. Bí ìjọba bá ti yà á sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ kan pàtó, ọ̀nà, ọjà tàbí ẹ̀sìtéètì, ẹ fi sílẹ̀, ẹ sá. Àwọn ará ibi iṣẹ́ wa ń pe èyí ní committed. Bó bá jẹ́ gbogbogbòò ni wọ́n kàn gbà á, ìjọba lè ti yọ apá kan padà fún ìdílé nínú gásẹ́ẹ̀tì, ìwé tí ìjọba fi ń kéde. Ẹ bèèrè gásẹ́ẹ̀tì náà kí ẹ rí i pẹ̀lú ojú yín pé ilẹ̀ yín wà nínú apá tí wọ́n yọ.

Adùnbí Ẹ̀gbá

Ẹ ṣé gan-an ni o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ìyá Ìbejì, màá lọ kí màmá ní Sátidé.

Lọ́yà, Dáwódù ní bàbá àwọn ti ra ilẹ̀ kí òfin ilẹ̀ 1978 tó dé, pé ìyọ̀ǹda Gómìnà kò kàn wọ́n. Ṣé òótọ́ ni?

Lọ́yà Òkè-Àdó

Kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin ilẹ̀ tí ìjọba Ọbásanjọ́ gbé jáde ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta 1978 kò gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ti ni ín tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó kà á bíi pé Gómìnà ló fún un. Nítorí náà tó bá fẹ́ tà á, ó gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ èyí gbangba nínú ẹjọ́ Savannah Bank àti Ajilo ní 1989. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń gbé ọ̀rọ̀ "kí òfin tó dé" yẹn kiri títí di òní.

Ẹ má jẹ́ kí ó bà yín lẹ́rù ṣá. Kò di dandan kí ìyọ̀ǹda ṣáájú àdéhùn. Ẹ lè bára yín sọ̀rọ̀, ẹ lè tọwọ́ bọ ìwé, kí ẹ wá lọ gba ìyọ̀ǹda lẹ́yìn náà. Ẹjọ́ Awojugbagbe ní 1995 ti yanjú ìyẹn. Ṣùgbọ́n ilé kò tíì di tiyín tán pátápátá títí tí ẹ fi gbà á. Láti 2015, gbogbo owó tí ìpínlẹ̀ Èkó ń gbà lórí rẹ̀ wá sí nǹkan bí 3% iye tí wọ́n bá dá lé ilé. Ẹ fi sínú ìṣirò yín, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú àdéhùn ẹni tó máa san án àti pé ẹbí máa fọwọ́ sí gbogbo fọ́ọ̀mù tí wọ́n bá béèrè. Mo ti rí ibi tí ẹni tó rà ti ń wá ẹni tó tà kiri nítorí ìfọwọ́sí kan ṣoṣo lẹ́yìn tí onítọ̀hún ti kó lọ.

Ti C of O: ilé tí kò ní C of O kò burú, ilé tó ní i náà kò sì bọ́ lọ́wọ́ àyẹ̀wò. Ẹ̀rí ni C of O jẹ́, kì í ṣe ìpìlẹ̀. Bí ẹnì kan bá gba C of O lórí ilẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀, tí oní-ilẹ̀ gan-an fara hàn, ilé ẹjọ́ yóò fagi lé e. Àgírímẹ́ǹtì 1974 yín, tí ẹ bá ní ẹ̀rí pé ìdílé onílẹ̀ ló fún bàbá náà ní ilẹ̀ níwájú ẹlẹ́rìí, tí ó sì ti ń gbé ibẹ̀ láti ìgbà náà, lágbára púpọ̀.

Bàbá Ṣadé

Lọ́yà, ẹ ṣeun. Àwọn ọmọ onílẹ̀ ńkọ́? Ilé tí wọ́n ti kọ́ láti 1974, tí àbúrò wa yìí bá rà á, tó sì fẹ́ tún un kọ́, wọ́n á wá gbowó fáńdéṣọ̀n. Ọmọ ọmọ àwọn tó ta ilẹ̀ fún bàbá yẹn ló máa wá.

Lọ́yà Òkè-Àdó

Òfin tó ń dáàbò bo ohun ìní ní ìpínlẹ̀ Èkó, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2016, ti fòfin de kí ẹnikẹ́ni máa gba owó iṣẹ́ ìkọ́lé bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fipá wọ ilé onílé lè lọ sẹ́wọ̀n ọdún 10. Ìgbìmọ̀ kan wà lábẹ́ ilé-iṣẹ́ ètò ìdájọ́ ìpínlẹ̀ tó ń gba ẹ̀sùn ajàgùngbalẹ̀. Ìpínlẹ̀ Ògùn àti Ọ̀yọ́ náà ṣe òfin tiwọn ní 2016. Ẹ máa pa gbogbo rìsíìtì mọ́, kí ẹ sì rí i dájú pé ìdílé tó tà á fún bàbá ni wọ́n ń bèèrè owó lórúkọ rẹ̀, torí nígbà mìíràn ìdílé mìíràn ti gba ìdájọ́ lórí gbogbo ilẹ̀ náà. Ìyẹn kò ní jẹ́ ọ̀rọ̀ fáńdéṣọ̀n mọ́. Ẹ ní kí lọ́yà yín wá a nínú ìwé ilé ẹjọ́ kí ẹ tó rà á.

Ti ayálégbé, mo gbàgbé. Ẹ ò lè lé wọn jáde torí pé ẹ ra ilé. Ẹ̀yin ni lánlọ́ọ̀dù wọn tuntun, gbogbo àdéhùn tí wọ́n ní bá yín wá. Nínú òfin ayálégbé Èkó ti 2011, tí kò bá sí àdéhùn mìíràn, ẹni tó ń san owó ọdún lẹ́tọ̀ọ́ sí ìwé ìkìlọ̀ oṣù mẹ́fà, ẹni tó ń san lóṣooṣù lẹ́tọ̀ọ́ sí oṣù kan. Lẹ́yìn náà ni ìwé ọjọ́ 7 tó ń sọ pé ẹ fẹ́ lọ gba ilé yín ní kóòtù, lẹ́yìn ìyẹn ni kóòtù. Ẹ má yọ òrùlé, ẹ má gé iná wọn. Tí ẹ bá fẹ́ ilé tó ṣófo, ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ẹbí ló máa rí sí i kí wọ́n tó gba owó tó kù.

Ọmọ Èkó ní Peckham

Ẹ kú ìjíròrò o. Ti ọmọ tó wà ní Kánádà: àwa tí a wà lókè òkun náà ń fi power of attorney, ìwé àṣẹ láti ṣojú ẹni, rán ẹ̀gbọ́n wa nílé. Ṣé Dáwódù lè fi ti ọmọ yẹn tà?

Lọ́yà Òkè-Àdó

Ó lè lò ó láti fọwọ́ sí ìwé dípò rẹ̀, bí ọmọ náà bá fọwọ́ sí i níwájú notary (lọ́yà tí òfin fún láṣẹ láti jẹ́rìí sí ìwé) tàbí ní ọ́fíìsì aṣojú Nàìjíríà ní Kánádà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni power of attorney rán ènìyàn, kò gbé ilé fún ẹnikẹ́ni. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi í rọ́pò Deed of Assignment, ìwé tó ń gbé ilé fún ẹni tó rà á. Tí ẹni tó fún ni bá sì kú, iṣẹ́ tó rán ti tán nìyẹn, àyàfi tí wọ́n bá fún un nítorí owó tí wọ́n ti gbà. Nítorí náà, ẹ pè é lórí fídíò lọ́jọ́ tí ẹ máa fọwọ́ sí ìwé.

Akọ̀wé Báǹkì

Kí ẹ má gbé owó nínú báàgì lọ síbẹ̀ o. Láti òfin 2022 lórí owó àìmọ́, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gba ju ₦5 mílíọ̀nù lọ ní kéèṣì lọ́wọ́ ẹnì kan. Ẹ sanwó gba báǹkì, sínú àkáǹtì tí orúkọ àwọn tó fọwọ́ sí ìwé wà lórí rẹ̀. Kò dáa kí owó ilé wọ àkáǹtì ajẹ́ńtì, kò sì dáa kí gbogbo rẹ̀ wọ àkáǹtì Dáwódù nìkan.

Adùnbí Ẹ̀gbá

Mo ti lọ kí màmá. Wọn ò gbọ́ nǹkan kan nípa títà ilé. Ọmọbìnrin wọn àgbà ló bá wa jókòó, ó ní òun kò kọ̀ kí wọ́n ta ilé, ohun tí òun fẹ́ ni kí wọ́n jókòó sọ iye, kí ojúlé àwọn náà gba tiwọn. Ó ní kò sí letters of administration. Mo pe Dáwódù, inú rẹ̀ kò dùn, ṣùgbọ́n ó gbà láti pe ìpàdé. Ajẹ́ńtì ṣì ní ká san díẹ̀ sílẹ̀ kí ilé má lọ.

Lọ́yà Òkè-Àdó

Ẹ má san kọ́bọ̀. Ẹ kọ lẹ́tà sí ẹbí pé ẹ fẹ́ rà á ní iye tí ẹ jọ sọ, pé owó yín ti wà nílẹ̀, ẹ ó san án lọ́jọ́ tí letters of administration bá jáde tí àwọn ọmọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sì fọwọ́ sí ìwé. Kí ẹ ní lọ́yà tiyín, ẹ má jẹ́ kí lọ́yà wọn ṣe ti ẹ̀yin náà. Ní àárín ìgbà yẹn, kí sọ́féyọ̀ lọ sí Alausa, nítorí bí ilẹ̀ bá wà lábẹ́ ìjọba, ẹ ò ní nílò láti dúró de Probate rárá.

Ìyá Ìbejì

Adùnbí, o ṣe é dáadáa. Ní ọjọ́ ìpàdé, ní kí màmá wà níbẹ̀, kí ọmọ Kánádà wà lórí fóònù, kí ẹnì kan sì kọ gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀, kí wọ́n fọwọ́ sí i kí wọ́n tó dìde.